Fáìlì Kan, Ọjọ́ Mẹ́rin

 

Bí àlejò kan bá dé Ẹdẹ, tó sì béèrè pé, "Ìgbà wo ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó?", ẹni tó mọ ìtàn kò ní í kánjú dáhùn. Yóò kọ́kọ́ béèrè pé Ẹdẹ wo ni àlejò náà ń sọ. Ṣé Ẹdẹ Ilé ni, níbi tí ìtàn sọ pé Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, tẹ̀dó sí nígbà tí Aláàfin rán an láti ṣọ́ ojú ọ̀nà? Àbí Ẹdẹ òde òní, níbi tí àwọn ará ìlú ṣí wá nígbà tó yá? Ìlú kan náà ni, orúkọ kan náà ni, Tìmì sì ni oyè ọba rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ó ju ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan lọ tí ènìyàn lè dárúkọ, kò sì sí irọ́ nínú wọn. Ìbéèrè ni ó yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fáìlì inú kọ̀ǹpútà ṣe rí. Nígbà tí a bá wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì, a máa ń rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní, àti pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ ọ́. Èrò yìí ló máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ wá iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ títí kó má rí i. Òun ló máa ń mú kí ọ̀gá iṣẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ òun purọ́. Òun náà ló máa ń mú kí ọmọ ìyá fi ẹ̀sùn ayédèrú kan ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Fáìlì ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹni tó bá gbọ́ ti ọ̀kan péré kò tíì gbọ́ ẹjọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ pe àwọn ẹlẹ́rìí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú terminal ni a ó ti pè wọ́n, ìyẹn ojú fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀, dípò kí a máa tẹ àwòrán. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Federal Polytechnic, ní Redeemer's University tàbí ní Adeleke University ní Ẹdẹ yóò ti fojú kàn án rí nínú iyàrá kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń lo Linux ti ní in. Kọ̀ǹpútà Apple náà ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àṣẹ kan yàtọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń lo Windows lè fi WSL sí i, ẹni tó sì jẹ́ pé fóònù Android nìkan ló ní lè lo Termux. Linux ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a mú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iwe.docx. Ẹ tẹ àṣẹ yìí:

stat iwe.docx

Ní ìsàlẹ̀ èsì tí kọ̀ǹpútà yóò mú wá, ẹ ó rí ìlà mẹ́rin tó ní ọjọ́ àti wákàtí nínú: Access, Modify, Change àti Birth.

Modify ni ọjọ́ àtúnṣe. Òun ni ọjọ́ tí ohun tó wà nínú fáìlì yí padà kẹ́yìn: a fi gbólóhùn kan kún un, tàbí a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, a sì fi í pamọ́. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní mtime. Òun ni àṣẹ ls -l máa ń fi hàn wá, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní "ọjọ́ fáìlì".

Change ni ọjọ́ ìyípadà àkọsílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ctime. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé lẹ́tà c yẹn dúró fún ìṣẹ̀dá fáìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyípadà ló dúró fún. Kọ̀ǹpútà ní àkọsílẹ̀ kékeré kan nípa fáìlì kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ni ín, ẹni tó láṣẹ láti kà á tàbí láti kọ nǹkan sí i, àti bó ṣe tóbi tó. Nígbàkígbà tí nǹkan kan bá yí padà nínú àkọsílẹ̀ yìí, ctime yóò yí padà. Bí a bá tún ohun inú fáìlì ṣe, mtime àti ctime yóò jọ yí padà. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí tí a gbé e láti inú fódà kan lọ sí òmíràn lórí dísìkì kan náà, ctime ni yóò yí padà, mtime yóò dúró síbi tó wà. Ìlú ṣí kúrò ní Ẹdẹ Ilé. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ni wọ́n ṣì jẹ́.

Access ni ọjọ́ kíkà, tí wọ́n ń pè ní atime. Ẹlẹ́rìí yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ní ti orúkọ, ó yẹ kó sọ ìgbà tí wọ́n ka fáìlì náà kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ní láti kọ ọjọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ka ohunkóhun, iṣẹ́ náà yóò pọ̀ jù fún un. Nítorí náà, láti ọdún 2009, ìlànà tí wọ́n ń pè ní relatime ni Linux ń lò bí a kò bá sọ fún un pé kó ṣe òmíràn. Lábẹ́ ìlànà yìí, bí atime tó wà nílẹ̀ kò bá tíì pé wákàtí 24, tó sì jẹ́ pé ó ti wáyé lẹ́yìn àtúnṣe tó kẹ́yìn, kọ̀ǹpútà kò ní kọ òmíràn. Ẹ má ṣe torí ọjọ́ yìí sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "O kò ka ìwé tí mo fún ọ."

Birth ni ọjọ́ ìbí. Ó jọ pé òun ni gbogbo wa ń wá, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnì kan kọ́kọ́ tẹ ìwé náà ni. Ọjọ́ tí ẹ̀dà yìí gan-an dé orí dísìkì yìí ni. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà fáìlì ọdún 2015 sórí kọ̀ǹpútà tuntun lónìí, òní ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn dísìkì kan wà tí kì í tọ́jú ọjọ́ yìí rárá. Àmì dáàṣì lásán ni ẹ ó rí ní ìlà náà.

Bí a ṣe ń wá fáìlì pẹ̀lú ọjọ́

Nísinsìnyí tí a ti mọ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí a rán wọn níṣẹ́. Àṣẹ tí a fi ń wá fáìlì ni find:

find ~/Documents -name "*.docx" -mtime -7

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: lọ sínú Documents, mú gbogbo fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .docx, tí a ti tún ṣe láàrin ọjọ́ méje sẹ́yìn, jáde fún mi. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 7 túmọ̀ sí "kò tó". Bí a bá fi àmì ìròpọ̀ síbẹ̀, ó di "ó ju bẹ́ẹ̀ lọ". Bí a kò bá fi àmì kankan síbẹ̀, ó di "gẹ́lẹ́".

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti lè kọsẹ̀ nìyí, nítorí pé bí a ṣe ń ka ọjọ́ yàtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ọjọ́ náà ni a ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tí a ń pè ní ọrún, òru mẹ́rin péré ló wà láàrin ọjà kan sí èkejì, nítorí pé a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà kì í kà báyìí. Lójú find, wákàtí 24 tó pé ni ọjọ́ kan, láti ìṣẹ́jú tí ẹ tẹ àṣẹ padà sẹ́yìn. Ìyókù tí kò bá pé 24, ó dànù.

Nítorí náà, fáìlì tí a tún ṣe ní wákàtí 47 sẹ́yìn, ọjọ́ kan péré ló jẹ́ lójú find. Bí ẹ bá kọ -mtime +1, ẹ kò ní rí i, torí pé "ó ju ọjọ́ kan lọ" túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ méjì, ìyẹn wákàtí 48, ó kéré tán. Bákan náà, -mtime 3 ń mú fáìlì tó ti pé wákàtí 72 ṣùgbọ́n tí kò tíì tó 96. Ẹni tó bá fẹ́ pa àwọn fáìlì tó ti ju ọjọ́ méje lọ rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èyí tó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ ni +7 ń kó.

Bí ìṣirò yìí bá sú yín, ẹ sọ ọjọ́ fúnra rẹ̀:

find ~/Documents -newermt "2024-03-01" ! -newermt "2024-04-01"

Àmì ìyanu yẹn túmọ̀ sí "kì í ṣe". Gbogbo rẹ̀ ń sọ pé: mú àwọn tí a tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2024, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí a tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Oṣù Kẹta nìkan ló kù.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ìsinsìnyí ni ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ tí ẹ kò mọ ibi tó wọlé sí, ẹ lo ìṣẹ́jú dípò ọjọ́:

find ~ -type f -mmin -90

Gbogbo fáìlì tí a tún ṣe láàrin ìṣẹ́jú 90 tó kọjá ni yóò jáde.

Ó ku ohun kan tó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ẹnì kan fi àpò zip ránṣẹ́ sí yín lónìí, ẹ sì tú u. Àwọn fáìlì inú rẹ̀ sábà máa ń gbé ọjọ́ àtúnṣe wọn àtijọ́ dání wá, bóyá ọdún 2019. Bí ẹ bá fi -mtime -1 wá wọn, kò ní mú wọn jáde, bẹ́ẹ̀ òní ni wọ́n dé. Ẹlẹ́rìí tó rí wọn nígbà tí wọ́n wọlé ni ctime. Òun ni kí ẹ pè:

find ~ -type f -ctime -1

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ló ń sọ ẹni tí a ó bi. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ bi mtime. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí fáìlì dé ọ̀dọ̀ yín tàbí tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ bi ctime.

Òkú kì í tẹ̀wé

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni èyí, ẹ gbọ́ ẹjọ́ ìdílé kan ní Ẹdẹ tí wọ́n pè mí sí.

Bàbá wọn ti di olóògbé. Nígbà ayé wọn, wọ́n tẹ ìwé kan tó ṣàlàyé bí àwọn ọmọ yóò ṣe máa pín owó tí àwọn ayálégbé ń san. Ọwọ́ àbúrò obìnrin, tó tọ́jú bàbá títí dé òpin, ni ìwé náà wà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti Èkó dé, ó ní kí wọ́n ṣí i fún òun. Ó wo ọjọ́ ìbí fáìlì náà lórí láptọ́ọ̀pù àbúrò rẹ̀, ó rí i pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni.

Ó ní, "Òkú kì í tẹ̀wé."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò jọ jẹun mọ́. Ìyá wọn ló ní kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ìta.

Mo bi àbúrò léèrè bí fáìlì náà ṣe dé orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó ní, "Inú fláàṣì bàbá ni mo ti kó gbogbo nǹkan wọn nígbà tí mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun. Mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀."

Mo tẹ stat. Ọjọ́ ìbí jẹ́ oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àtúnṣe tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ikú bàbá. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n kà á fúnra rẹ̀. Báwo ni a ṣe lè tún ìwé kan ṣe kí a tó bí i? Ohun tó sábà máa ń fa irú èyí ni pé wọ́n ṣe ẹ̀dà fáìlì náà láti ibòmíràn: ẹ̀dà ní ọjọ́ ìbí tuntun, ó sì gbé ọjọ́ àtúnṣe ti àtijọ́ dání.

A fi fláàṣì bàbá sí i. Ọjọ́ àtúnṣe kan náà ló wà níbẹ̀. Mo lo àṣẹ sha256sum lórí fáìlì méjèèjì. Àṣẹ yìí máa ń yọ nọ́ńbà gígùn kan láti inú fáìlì; bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀ nínú ìwé méjì, nọ́ńbà wọn kò ní bára mu. Nọ́ńbà méjèèjì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, mo wo inú ìwé fúnra rẹ̀, nítorí pé fáìlì .docx jẹ́ àpò zip tó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú:

unzip -p iwe.docx docProps/core.xml

Ọjọ́ tí wọ́n dá ìwé náà sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi í pamọ́ kẹ́yìn wà níbẹ̀, bí ètò tí bàbá fi tẹ̀ ẹ́ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì ṣáájú ikú wọn.

Mo sọ fún wọn ní gbangba pé ohun tí mo rí kò tó láti fi pín owó ilé. Ẹni tó bá mọ àṣẹ touch lè fún fáìlì ní ọjọ́ àtúnṣe tó bá wù ú:

touch -d "2015-06-01" iwe.docx

Ctime kò ní gbà fún touch lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe é gan-an ni yóò kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ń yí padà fún ìdí púpọ̀ tí kò ní ẹ̀tàn nínú. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rí kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bóyá ohun tó wà nínú ìwé ni wọn yóò tẹ̀lé, àwọn àgbà ẹbí ló ni ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àbúrò mi, má bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ti pọ̀ jù." Àbúrò rẹ̀ kò fèsì. Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún un.

Bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ohun tí wọn yóò béèrè ju èyí lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2023, ló sọ bí ìwé tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà ṣe lè di ẹ̀rí. Lára ohun tó ń fẹ́ ni pé kí a fi hàn pé wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà náà déédéé lásìkò tí ọ̀rọ̀ kàn, àti pé ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó sì fàyè gba ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ fọwọ́ sí. Àwòrán ojú fóònù lásán kò lè ṣe gbogbo ìyẹn.

Aago tí àwọn ẹlẹ́rìí ń wò

Gbogbo ẹlẹ́rìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aago kan ni wọ́n ń wò, aago kọ̀ǹpútà. Bí aago bá purọ́, gbogbo wọn yóò jọ purọ́ láìmọ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú máa ń gbàgbé ọjọ́ nígbà tí iná bá lọ. Bí iná bá dé, tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi tún aago rẹ̀ ṣe, ó lè máa kọ ọjọ́ tó ti pẹ́ lọ sára gbogbo ohun tí ẹ bá fi pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ date kí ẹ tó gba fáìlì irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Linux kì í ka oṣù tàbí ọdún nínú ikùn rẹ̀. Iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ló ń kà, ní ìbámu pẹ̀lú aago àgbáyé tí a ń pè ní UTC. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, nítorí náà aago kan òru ti lù ní Ẹdẹ nígbà tí kíkà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú kéré wákàtí kan yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní aago 12:20 òru ọjọ́ 15 ní Ẹdẹ, ọjọ́ 14 ni kọ̀ǹpútà tó ń lo UTC yóò kọ fún un, ní aago 11:20 alẹ́. Ẹni tó pẹ́ yóò dà bí ẹni tó tètè dé. Bí ẹ bá fẹ́ ka ọjọ́ fáìlì pẹ̀lú aago tiwa lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ:

TZ=Africa/Lagos ls -l

Ọjọ́ tí kò sí lára fáìlì

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú kọ̀ǹpútà tó mọ̀ wọ́n. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ tí mo mọ̀ wà ní Ẹdẹ yìí kan náà.

Nínú ọgbà Redeemer's University ni ilé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ACEGID wà ní ọdún 2020, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, Nàìjíríà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn COVID-19 lórílẹ̀-èdè yìí ti wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àwọn onímọ̀ ACEGID àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ti ka apilẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Fáìlì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dà nígbẹ̀yìn: lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, tí a tò tẹ̀lé ara wọn ní nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan àtààbọ̀, ìyẹn bí 30,000. Fáìlì náà ní mtime, ó ní ctime, ó ní ọjọ́ ìbí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí àrùn náà ṣe ń rìn. Ohun tó wúlò ni ọjọ́ tí wọ́n gba àpẹẹrẹ lára aláìsàn. Kòkòrò yìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ náà, ìyípadà wọ̀nyí sì ni àwọn onímọ̀ ń fi ọjọ́ wọ̀n láti mọ ẹ̀ka tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé. Bí ẹnì kan bá lo ọjọ́ tí wọ́n fi fáìlì pamọ́, kòkòrò àtijọ́ yóò dà bí tuntun. Ìdí nìyí tí GISAID, ibi tí àwọn onímọ̀ ayé ń kó irú àbájáde bẹ́ẹ̀ sí, fi ní àyè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún ọjọ́ tí wọ́n gba àpẹẹrẹ, ọ̀kan fún ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ènìyàn ló ń kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ìgbéyàwó àwọn òbí wa. Bí ẹ bá ya àwòrán ọdún 1985 wọ inú kọ̀ǹpútà lónìí, òní ni gbogbo ẹlẹ́rìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò pè. Àwòrán tí a fi fóònù yà ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n bí a bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí àwòrán, ọjọ́ inú yẹn sábà máa ń dànù.

Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe

Ẹ máa kọ ọjọ́ sínú orúkọ fáìlì tó ṣe pàtàkì, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn: 2025-03-14-iwe.docx. Orúkọ kì í yí padà nítorí pé a ṣe ẹ̀dà fáìlì, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe ṣáájú ara wọn.

Bí ẹ bá ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn lórí terminal, ẹ lo cp -p dípò cp lásán. Cp lásán ń fún ẹ̀dà ní ọjọ́ àtúnṣe tuntun. Cp -p ń jẹ́ kí ó gbé ti àtijọ́ dání.

Bí àwòrán tàbí ìwé ìdílé bá ní láti gba orí WhatsApp kọjá, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dé ní pípé.

Ẹ tọ́jú fláàṣì àti fóònù àwọn òbí yín bí wọ́n ṣe wà. Ẹ má ṣe ṣí ìwé àkọ́kọ́ láti tún un ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Bí àwọn òbí bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n pẹ̀lú àwòrán wọn, kí ẹ béèrè ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan nìyẹn.

Bí ọjọ́ fáìlì kan bá sì fẹ́ mú yín sọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kó padà sí ọmọ ìyá yín, sí ọ̀rẹ́ yín tàbí sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ stat. Ẹ gbọ́ ti gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí kí ẹ tó dájọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.